Ironman Wales: kò sí òkè níbi tí mò ń gbé, báwo ni mo ṣe máa gbaradì?

ỌmọÈkìtì_Peterborough

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àbúrò. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún Ironman Wales, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní Tenby nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ti ọdún tó ń bọ̀ ni mo mú, torí náà àkókò ṣì wà. Ẹ mọ̀ ọ́n, ká lúwẹ̀ẹ́ 3.8 kìlómítà nínú òkun, ká wa kẹ̀kẹ́ 180 kìlómítà, ká tún wá fi eré sísá 42.2 kìlómítà lé e, kí gbogbo ẹ̀ parí láàárín wákàtí 17. Mo ti ṣe èyí tó jẹ́ ìdajì ẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ara mi sì gbà á, torí náà kì í ṣe bó ṣe jìn ló ń dà mí láàmú, òkè ibẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ṣírò gbogbo òkè tí kẹ̀kẹ́ máa gùn lọ́jọ́ yẹn, ó ju ká gun Yr Wyddfa, òkè tó ga jù ní Wales, lẹ́ẹ̀mejì láti etí òkun lọ. Èmi ńkọ́? Ilẹ̀ Fens tó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni mò ń gbé. Tí mo bá jáde láàárọ̀ tí mo gba Whittlesey lọ sí March, afárá tó gba orí ọ̀nà rélùwéè kọjá ni òkè tí mo máa rí.

Iṣẹ́ ṣíìfù ni mò ń ṣe, mo lọ́mọ, mo máa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday, nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá ni mo lè rí lọ́sẹ̀, bóyá kó lé díẹ̀ tí ọkọ mi bá wà nílé. Ìbéèrè mi rèé: irú gíá wo ló yẹ kí n fi sí kẹ̀kẹ́ mi? Ṣé kí n ra TT bike, kẹ̀kẹ́ eré tí èèyàn ń ká ara mọ́lẹ̀ lórí ẹ̀ nítorí atẹ́gùn, ni àbí kí n lo kẹ̀kẹ́ ojú títì tí mo ní? Báwo ni ẹni tí kò rí òkè ṣe ń kọ́ òkè gígùn? Màá sì wá sílé ní Èkìtì nígbà Kérésì, ṣé ó ní nǹkan tí mo lè fi àsìkò yẹn ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dáa dáa tù mí nínú o, ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún mi.

BàbáKẹ̀kẹ́_Swansea

Àbúrò mi, ẹ kú ìgboyà. Tenby ò jìnnà sí mi, mo máa ń wa kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà yẹn kódà nígbà tí kò séré kankan, torí náà ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kò sí òkè ńlá kan ṣoṣo níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa gùn fún wákàtí kan bíi ti àwọn tó ń ṣe Ironman ní Nice, ní ilẹ̀ Faransé. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ì bá rọrùn díẹ̀, torí èèyàn á wá ìwọ̀n tí ara ẹ̀ lè gbà, á máa bá a lọ jẹ́jẹ́ títí á fi dókè. Ti Wales, òkè kéékèèké ni, wọ́n dúró ṣánṣán, wọn kì í sì í tán. Ẹ gun ọ̀kan, ẹ já sí ọ̀nà tóóró tí igbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kọ́nà wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, bóyá òjò ti rọ̀, bóyá erùpẹ̀ wà lójú títì, brẹ́ẹ̀kì lẹ máa mú dé ìsàlẹ̀, gbogbo eré tó yẹ kó gbé yín gun èyí tó kàn ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ látorí òfo ní gbogbo ìgbà. Ohun tó ń tán èèyàn lágbára níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe gíga òkè kan pàtó.

Ẹ kọ́kọ́ máa jáde ní Tenby lọ sápá ìwọ̀-oòrùn, ẹ gba Pembroke lọ sí Angle, ẹ gba ẹ̀bá òkun ní Freshwater West. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣọlá níbẹ̀ yẹn, òkè ò tíì le. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wá wọ ìyípo apá Narberth, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa yí i, ibẹ̀ ni Wiseman's Bridge àti Saundersfoot wà, òkè Saundersfoot yẹn làwọn èèyàn ń pè ní Heartbreak Hill. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó, ìgbà tó ti rẹ ẹsẹ̀ ni òkè tó le jù ń dé, ó sì tún ń padà wá.

Ọ̀rọ̀ gíá wá. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyàngàn bá yín sọ ọ̀rọ̀ gíá o. Ẹ wò ó báyìí: ká ní ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ yín pẹ̀lú omi àti oúnjẹ jẹ́ 80 kílò, ẹ dé ibi tí òkè ti jẹ́ 16%, ìyẹn ni pé ó ń ga sí i ní mítà 16 nínú mítà 100. Tó bá jẹ́ eyín 39 níwájú àti 25 lẹ́yìn lẹ ní, tẹ́ ẹ fẹ́ máa yí pẹ́dà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ gbọ́dọ̀ máa lọ ní nǹkan bíi 12 kìlómítà ní wákàtí, ìyẹn á sì gba ju 400 wáàtì lọ lẹ́sẹ̀ yín. Mélòó nínú wa ló ní 400 wáàtì ní wákàtí karùn-ún? Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi 34 síwájú, 34 sẹ́yìn, tẹ́ ẹ yí pẹ́dà nígbà 60 yẹn náà, 7.5 kìlómítà ní wákàtí ni, wáàtì bíi 270 ló máa gbà. Òkè kan náà, èèyàn kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ti jó ẹsẹ̀ tó yẹ kó fi sáré ní ìrọ̀lẹ́, ẹnì kejì ṣì ní ẹsẹ̀ tiẹ̀.

Ti pé kò sí òkè nílé, ìyẹn ò burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ò mọ òkè, agbára tó ń tẹ pẹ́dà àti bó ṣe pẹ́ tó ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní turbo, ẹ̀rọ tí wọ́n ń de kẹ̀kẹ́ mọ́ kéèyàn lè wà á lójú kan, nílé, ẹ gbé ìdí táyà iwájú sókè díẹ̀ kí ìjókòó yín lè dà bíi ti ẹni tó ń gòkè, ẹ fi gíá tó le sí i, kẹ́ ẹ máa yí pẹ́dà ní 50 sí 60 fún ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́rin, kẹ́ ẹ ṣe é bíi mẹ́rin sí márùn-ún. Tí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ dín gíá kù, ẹ má fi ipá ṣe é. Atẹ́gùn Fens yẹn náà, òkè ọ̀fẹ́ ni. Lọ́jọ́ tó bá ń fẹ́ kíkankíkan, ẹ kọjú sí i fún wákàtí kan, ẹ má tẹ́rí mọ́lẹ̀, á kọ́ yín ní sùúrù. Rutland ò sì jìnnà sí Peterborough rárá, ọ̀nà tó yí Rutland Water ká ń lọ sókè ń lọ sísàlẹ̀ dáadáa. Tó bá tún wá ṣeé ṣe, ẹ lọ sí Peak District ní Saturday kan láàárín oṣù, Winnats Pass ní Castleton le ju ohunkóhun tẹ́ ẹ máa rí ní Tenby lọ.

Kẹ́ ẹ tún tó lọ, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń kọ́ gígùn, ẹni tí kò bá mọ sísọ̀ á máa di brẹ́ẹ̀kì mú títí ọwọ́ á fi kú, ẹ̀rù nìkan ti tó láti mú kó rẹ èèyàn.

Kẹ̀kẹ́Yára_Manchester

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí bàbá sọ yàtọ̀ sí pé wọn ò dáhùn ọ̀rọ̀ TT bike. Lójú tèmi, tẹ́ ẹ bá ti ní owó ẹ̀, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n mọ́ yín lára dáadáa, ó ṣì máa yá ju kẹ̀kẹ́ ojú títì lọ kódà ní Wales, torí láti Tenby dé Angle padà, atẹ́gùn ni ọ̀tá, ẹni tó bá sì ká ara ẹ̀ kò ní jẹ ìyà atẹ́gùn púpọ̀. Kì í ṣe dandan kí TT bike ní gíá líle, ẹ lè fi 34 síwájú ẹ̀ náà.

BàbáKẹ̀kẹ́_Swansea

Ẹ̀gbọ́n Manchester, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe irọ́ fún ẹni tó ti mọ kẹ̀kẹ́ yẹn lára. Àmọ́ obìnrin tó ń gbé ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ ní 15% rí, kó wá dé Wiseman's Bridge nínú òjò lórí TT bike, níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ti jìnnà sí brẹ́ẹ̀kì? Mi ò ní gbà á níyànjú láéláé. Kẹ̀kẹ́ tó ní yẹn, kó ra ọwọ́ aero, èyí tí èèyàn ń gbé apá lé kó lè ká ara mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń dè mọ́ ọn, owó kékeré ni, kó lò ó níbi tó bá tẹ́jú lápá Angle, kó sì gbé ọwọ́ padà sórí brẹ́ẹ̀kì tí òkè bá ti bẹ̀rẹ̀. Kó wá fi owó tó kù ra táyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 28 tó dáa. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ṣe irú eré yìí: àǹtí, kí ni genotype yín?

Mi ò fi dẹ́rù bà yín o. A máa ń rò pé AS ò ní nǹkan ṣe ju ọ̀rọ̀ ta ni ká fẹ́ lọ, òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ AS ń gbé ayé wọn láìsí wàhálà kankan, wọ́n ń ṣeré ìdárayá, wọ́n ń gba àmì ẹ̀yẹ. Àmọ́ tí èèyàn bá lo ara ẹ̀ kọjá ààlà láìsinmi, tí omi ti tán lára ẹ̀, pàápàá nínú ooru tàbí lórí òkè tó ga gan-an, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ AS lè yí padà bíi dòjé, kí iṣan ara bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí kíndìnrín wá fara gbá a. Torí ẹ̀ ni NCAA tó ń rí sí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àyẹ̀wò ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn eléré Division I láti 2010. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ AS, kò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ó kàn túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ sọ fún dókítà yín, kẹ́ ẹ máa fi kún ìdánrawò díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ má sáré gun òkè tagbáratagbára léraléra láìsinmi láàárín, kẹ́ ẹ má sì jáde tí ibà bá ń ṣe yín. Ẹ mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú pajápajá: pajápajá, iṣan á le gbagidi, ẹ máa rí i tó ká jọ. Ti AS, iṣan ò ní le, á kàn máa ro yín, ẹsẹ̀ á máa rọ, kò ní gbé yín mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, tàbí tí ìtọ̀ yín bá dúdú bíi kóòkì, ẹ dúró, ẹ pe àwọn oníṣègùn tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ má sọ pé ó kù díẹ̀.

Omi náà, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa rọ́ ọ sínú ṣáá. Àmujù omi lásán máa ń fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dànù, ó ti gbé eléré lọ sílé ìwòsàn. Òùngbẹ ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé, kẹ́ ẹ sì fi iyọ̀ sínú ohun tẹ́ ẹ ń mu. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo ibuprofen lójú eré, kíndìnrín yín ò nílò ẹrù kejì lọ́jọ́ yẹn.

ỌmọÈkìtì_Peterborough

Ha, àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an ni. AS ni mí lóòótọ́! Kóòṣì tí mò ń bá ṣeré níbí ò béèrè rí, èmi náà ò sì ronú pé ó kan eré. Màá rí GP mi lọ́sẹ̀ yìí. Bàbá Swansea, mo ti gbà, mi ò ra TT bike mọ́.

Ó ku ohun mẹ́ta. Irun mi: mo máa ń dirí, fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ kì í sì í wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti kẹ̀kẹ́ náà kì í jókòó dáadáa. Oúnjẹ: ṣé èèyàn lè jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú? Ìkẹta ni eré sísá, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀.

Olúwẹ̀ẹ́_Croydon

Ẹ jẹ́ n gba ti irun àti omi sọ, obìnrin bíi tiyín ni mí. Ẹ má ṣe ṣùkú sún mọ́ ọjọ́ eré, ìdí irun tó ga lórí yẹn ni kì í jẹ́ kí akoto jókòó, akoto tí kò bá sì jókòó dáadáa kò ní gbà yín tẹ́ ẹ bá ṣubú. Kòlẹ́sẹ̀ ló dáa jù, kẹ́ ẹ dì í kéékèèké láti iwájú lọ sí ìpàkọ́, kó pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ má fi àtọwọ́dá irun tó gùn sí i. Ẹ dì í ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ṣáájú kí orí má bàa máa ro yín nínú fìlà. Tí irun yín bá pọ̀, fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní Soul Cap wà, ìyẹn tí FINA, àjọ tó ń rí sí ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé, kọ̀ ní 2021 tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ di ariwo, tí wọ́n wá gbà níkẹyìn ní 2022. Lọ́jọ́ eré wọ́n máa fún yín ní fìlà tiwọn tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dé, torí náà tiyín lẹ máa dé sínú, tiwọn á wà lókè. Ẹ dán méjèèjì wò pa pọ̀ nílé.

Òkun Tenby máa ń wà láàárín bíi 15 sí 17 lórí ìwọ̀n Celsius nígbà yẹn. Ìgbì wà, jellyfish náà máa ń wà. Ẹni tó bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù nìkan, àyà ẹ̀ á já ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, èémí á gé. Ẹ wọ wetsuit, aṣọ rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ yín, lọ sínú omi gidi láti oṣù Karùn-ún, ẹ má dá lọ, ẹ lọ níbi tí àwọn aṣọ́mi wà, kẹ́ ẹ sì wá òkun gan-an ní Norfolk níbi tí iyọ̀ á ti wọ yín lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá jáde lómi ní North Beach, ẹ máa gun ọ̀nà tó ṣẹ́ kọ́nà kọ́nà láti etí òkun wá sínú ìlú, lẹ́yìn náà ẹ máa sáré bíi kìlómítà kan kẹ́ ẹ tó débi tí kẹ̀kẹ́ wà, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi máa ń kó bàtà mìíràn kọ́ síbẹ̀ kẹ́sẹ̀ má bàa gún nǹkan. Ẹ má sá ibẹ̀ yẹn tagbáratagbára, àyà yín ṣì ń lù látinú omi.

Iyán ńkọ́? Ẹ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án Saturday pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo àti ata ò pọ̀ nínú ẹ̀. Alẹ́, ìrẹsì funfun díẹ̀ ti tó, kẹ́ ẹ jẹun kó tó di aago méje. Ẹ fi ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sílẹ̀ fún Monday. Lórí kẹ̀kẹ́, 60 sí 90 gíráàmù ṣúgà ní wákàtí kan lẹ máa nílò, àmọ́ glucose nìkan, inú kì í gbà ju bíi 60 lọ, ẹ wá èyí tí wọ́n pa fructose pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó níwọ̀n, nǹkan bíi 25 gíráàmù ló ní. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó dé ìsàlẹ̀ òkè tàbí nígbà tẹ́ ẹ bá ti gùn ún tán, kò sẹ́ni tó ń jẹun nígbà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Inú náà ní láti kọ́ ọ o, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí ní gbogbo Saturday.

AsáréÒkè_Adó

Ọmọ ìyá mi, ẹ káàbọ̀ sílé ṣáájú. Mo ń gbé Adó-Èkìtì, òkè la fi ń sáré níbí, torí náà ẹ jẹ́ n dáhùn ti eré sísá. Bí mo ṣe gbọ́, ìyípo mẹ́rin ni marathon yẹn, láti Tenby lọ sókè sí New Hedges kẹ́ ẹ sì tún padà wá. Gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù lílọ, bíbọ̀ ló ń ba itan jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀, iwájú itan ló ń di gbogbo ara yín mú ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣan náà ń gùn síta nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa ro èèyàn dọ́jọ́ kejì. Ohun tó dùn nínú ẹ̀ ni pé iṣan máa ń rántí: tẹ́ ẹ bá ti ṣe é díẹ̀, kò ní ro yín tó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá wálé ní Kérésì, ẹ lọ sí Òkè Ìdànrè láàárọ̀ kùtù, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ẹ rìn gùn ún, ẹ sì fara balẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láìdi nǹkan mú. Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè náà ga dáadáa, àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ń gba ibẹ̀, ẹ má wa kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ìdájí. Torí AS yín, ẹ má ṣe é nínú oòrùn ọ̀sán, ọyẹ́ sì máa ń gbẹ omi ara láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Ní Peterborough, ibi ìgbọ́kọ̀sí alájà tó wà láàárín ìlú, tí wọ́n bá gbà fún yín, ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà gòkè níbẹ̀ wúlò. Jíìmù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ẹ gbé ẹrù dání, ẹ máa gun àpótí kẹ́ ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀.

BàbáKẹ̀kẹ́_Swansea

Ọ̀rọ̀ Adó yẹn péye. Ẹ jẹ́ n fi ti ìwọ̀n kún un, torí orí kẹ̀kẹ́ ni marathon yẹn ti ń bàjẹ́. Ẹ wọn FTP yín, agbára tẹ́ ẹ lè lò fún bíi wákàtí kan kó tó rẹ̀ yín. Níbi tó tẹ́jú, ẹ má kọjá 70% ẹ̀. Lórí òkè ẹ lè dé 85, 90 níbi tó bá dúró ṣánṣán gan-an, ẹ má kọjá ẹ̀, jẹ́ kí wọ́n máa kọjá yín. Ní Saundersfoot, èrò máa ń kún ẹ̀gbẹ́ títì bámúbámú, wọ́n á máa pariwo orúkọ yín tí wọ́n rí lára nọ́ńbà, ara yín á ya gágá, ẹsẹ̀ á fẹ́ fò. Ojú ẹ̀rọ tó ń ka wáàtì ni kẹ́ ẹ máa wò níbẹ̀. Lórí ìyípo marathon, ẹ pinnu láti ilé pé ibi báyìí lórí òkè New Hedges ni màá ti máa rìn, kẹ́ ẹ rìn ín kíákíá láti ìyípo àkọ́kọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá di dandan.

ỌmọÈkìtì_Peterborough

Olúwa á san yín lóore, gbogbo yín pátá. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá Swansea, ìbéèrè kan péré ló kù: 11-28 ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, 34 ti wà níwájú. Ṣé kí n kàn ra kasẹ́ẹ̀tì, àkójọ eyín ẹ̀yìn, 11-34 kí n fi sí i?

BàbáKẹ̀kẹ́_Swansea

Ẹ má tíì rà á. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára derailleur ẹ̀yìn yín, ohun tó ń ti ṣéènì láti orí eyín kan sí òmíràn, kẹ́ ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ó lè gba eyín 34, àwọn mìíràn ò lè kọjá 28 tàbí 30, èyí tó gùn lẹ́sẹ̀ lẹ máa nílò. Ṣéènì yín náà á ti kúrú jù fún un, ẹ ra tuntun pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ síbí, màá bá yín wò ó.